Bàbá Àńkọ́ọ̀ àti Téèpù Tó Ń Wọn Èémí

Ọjọ́ tí Bàbá Àńkọ́ọ̀ tẹ́ ọ̀gá ìjọba sórí ẹní lọ́sàn-án gangan ni gbogbo Ìsùndùnrìn gbà pé bàbá yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Òṣogbo ni ọ̀gá náà ti wá yẹ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò. Agbádá funfun ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, akọ̀wé méjì ń gbé fáìlì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi orin kí i káàbọ̀. Orin náà wọ ọ̀gá lára. Nígbà tí wọ́n dé ibi ègbè, òun náà la ẹnu, ó bá wọn gbé e.

"Àńkọ́ọ̀!"

Bàbá ti na ọwọ́ sókè. Gbogbo ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé kí èèyàn tún nǹkan ṣe ní Àbíjàn nìyẹn, ibẹ̀ ni bàbá sì ti lo ọdún méjìlélógún.

"Ẹnì kan ń fi ọ̀fun kọrin níbí," ni bàbá wí. "Ẹ tún un kọ."

Wọ́n tún un kọ. Bàbá ń rìn láàárín ìlà, ó ń dẹ etí sí ẹnu ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọjá kíláàsì kìíní, ó kọjá kíláàsì kẹfà, ó kọjá àwọn olùkọ́, títí ó fi dé iwájú ọ̀gá ìjọba. Ibẹ̀ ló dúró sí. Màmá Ìbíyẹmí tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé di ojú.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni bàbá wí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Ẹ má bínú. Ohùn yín dára, inú àpótí lẹ kàn tì í mọ́."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá ti fa téèpù ìwọnṣọ yọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó ti fi yí ikùn ọ̀gá po tòun ti agbádá. "Ẹ mí sínú, sà." Ọ̀gá mí. Téèpù kò mira. "Ẹ tún un mí." Téèpù dúró gbagidi. Bàbá mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òfò. "Ẹ ò mí o, ọ̀gá. Èjìká lẹ fi ń mí. Ẹ wá sùn sílẹ̀."

Ẹni tí kò bá mọ bàbá yìí á ní irọ́ ni. Ọ̀gá dùbúlẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò, bàbá gbé ìwé ìpe-orúkọ kíláàsì kẹta lé e níkùn, ó ní kó máa fi èémí gbé ìwé náà sókè, kó máa fi sọ ọ́ kalẹ̀, jẹ́jẹ́. Ìwé gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ọ̀gá ìjọba ti sùn lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́, ewé máńgòrò kan já bọ́ sí i láyà, àwọn akọ̀wé dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Kò jí títí aago méjì fi kọjá. Nínú ìwé tó kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, ó ní àga ilé-ìwé náà kò tó, òrùlé rẹ̀ ń jò, ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun kò tíì sinmi bẹ́ẹ̀ rí.

Salahudeen Àyàndá lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá Àńkọ́ọ̀ lorúkọ tó jẹ́ kú. Kì í ṣe olùkọ́, ìjọba kò gbà á síṣẹ́ rí. Tẹ́lọ̀ ni. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé-ìwé kan ni ṣọ́ọ̀bù òun wà ní Àbíjàn, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin láràárọ̀. Bí obìnrin náà ṣe ń kọ́ wọn, bàbá ń rán aṣọ, etí rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ọdún méjìlélógún ló fi gbọ́ ọ. "Èmi ni mo pẹ́ jù ní kíláàsì yẹn," ni bàbá máa ń wí, "wọn ò kàn fún mi ní sàtífíkéètì ni."

Nígbà tó padà sílé, ó lọ bá Màmá Ìbíyẹmí, ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun kò gba kọ́bọ̀. Màmá bi í pé kí ló mọ̀ nínú orin. "Mo mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, Màmá," ni bàbá wí, ó sì fọwọ́ kan abẹ́ ìhà ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ọ̀sán yòókù ní Ìsùndùnrìn. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, tí òórùn gàrí tí wọ́n ń yan bá ń ti ìsàlẹ̀ ìlú bọ̀, àwọn ọmọ á sùn kalẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ máńgòrò, wọ́n á máa mí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sóko á rò pé oorun ló gbé gbogbo ilé-ìwé lọ. Lẹ́yìn náà, bàbá á wọn èémí wọn níkọ̀ọ̀kan, á kọ ọ́ sínú ìwé. "Ínṣì méjì! Ó káre. Ínṣì kan péré! Tàjùdíìnì, ẹ̀bà ló kún ibẹ̀, èémí kò ráyè." Ọmọ tó bá sì jẹ́ pé bàbá ló rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, aṣọ náà á fi ínṣì mẹ́rin tóbi jù ú lọ. Àwọn ìyá pariwo títí, bàbá ní àyè orin lòun fi síbẹ̀, aṣọ tó bá fún mọ́ni láyà, ọ̀tá orin ni.

Ọ̀rọ̀ ìgò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Bàbá ń wá ìgò mẹ́jọ tó dọ́gba, tó máa bu omi sí ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kí àwọn ọmọ máa fi ṣíbí lù ú láti mọ ohùn tó ròkè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìgò tó dọ́gba jù lọ láyé ni ìgò bíà. Ni bàbá bá fi fìlà rẹ̀ dé orí, ó fi tẹ̀súbáà kọ́ ọwọ́, ó gbé àpò, ó gba ilé ọtí kan lọ ní Èjìgbò lójú gbogbo ayé. Kó tó délé, ìròyìn ti dé mọ́sálásí.

Lèmọ́ọ̀mù Ádámù, tó dàgbà ju bàbá lọ dáadáa, gbéra wá sílé-ìwé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó bá ìgò mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Salahudeen, kí ni mò ń wò yìí?"

"Omi ni, Lèmọ́ọ̀mù."

"Nínú ìgò kí ni?"

"Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Àsìtàgàfúrúláì!"

"Ẹ má tọ́ ọ wò nígbà náà, sà. Ẹ lù ú." Bàbá na ṣíbí sí i.

Lèmọ́ọ̀mù wo ṣíbí, ó wo àwọn ọmọ. Ó lu ìgò kìíní, ó dún. Ó lu ìkejì, ó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fa àga, ó jókòó. Nígbà tí àkókò ìrun alásárì tó, ladáànì fúnra rẹ̀ ló wá sí ilé-ìwé láti pè é. Láti ọjọ́ náà, Lèmọ́ọ̀mù ni í máa ya ibẹ̀ láti wò ó bóyá omi inú ìgò ti fà.

Gbogbo ìlú ló ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan wọ̀nyí, àfi ọmọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Rùkàyyàt nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni Nímọ́tà ìyá rẹ̀ ti wà ní Àbíjàn tó ń tajà. Ohùn Rùkàyyàt nípọn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé orin, tí orin sì gòkè, tirẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, Màmá Ìbíyẹmí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ó ní, "Rùkà, ọmọ dáadáa, ìwọ máa mi ètè. Má wulẹ̀ gbé ohùn." Rùkàyyàt gbọ́ràn. Odindi ọdún kan ló fi mi ètè, ó sì mi í dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní pẹ́ńsùlù fún ìwà rere.

Ohun tó dá a lóró bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìkéde ìdíje orin dé. Ilé-ìwé méje ni yóò kọrin ní gbọ̀ngàn kan ní Èjìgbò. Màmá Ìbíyẹmí ní òun á fi fóònù gba orin wọn sílẹ̀, òun á fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí àwọn òbí tó wà ní Àbíjàn, nítorí pé bí ìdajì àwọn ọmọ náà ló ní ẹni níbẹ̀. Ohùn nìkan ni, kò ní sí àwòrán, torí dátà. Nímọ́tà ti gbọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

"Rùkà mi, màá gbé e sétí báyìí. Àárín gbogbo wọn, màá mọ ohùn tìẹ."

Rùkàyyàt rọra dá fóònù padà fún ìyá àgbà rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá bá a lẹ́yìn ilé-ìwé tó ń sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orókún rẹ̀ ké.

"Ta ló nà ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Bàbá." Ó nu imú. "Ètè kì í dún. Ìyá mi á máa fetí sílẹ̀, wọn ò ní gbọ́ mi."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló mú un lọ sídìí ìgò. "Kọ ọ́ kí n gbọ́. Kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ẹ." Ọmọ náà kọ ọ́, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn àgbà tó ń dáni lóhùn láti inú yàrá. Bàbá ń lu ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá a kiri, títí ó fi dé èyí tí omi rẹ̀ kún jù lọ, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìgò àti ọmọ wá ń dún bákan náà. Ojú Rùkàyyàt là.

"Ṣé o rí i? Ibí lo ń gbé," ni bàbá wí. "Kò burú. Àwa la ò tíì wá kí ẹ nílé. Kò sọ́mọ tí ò lè kọrin, Rùkà, àgbà tí ò ní sùúrù ló pọ̀."

Ọjọ́ náà ni bàbá fa orin gbogbo ẹgbẹ́ náà wálẹ̀ sí ilé Rùkàyyàt. Màmá Ìbíyẹmí gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì, ó jáde síta.

"Bàbá Salahudeen, ṣé orin ọmọdé lẹ ń sọ di orin àgbààgbà yìí?"

"Ó ga jù tẹ́lẹ̀ ni, Màmá. Bó bá ga, ẹni méjì mẹ́ta ní í dé ibẹ̀. Bó bá wálẹ̀, gbogbo wa la máa ráyè jókòó."

"Wọ́n á fẹ̀yìn wa gbolẹ̀! Nítorí ọmọ kan ṣoṣo?"

"Tẹ́lọ̀ ni mí. Mo mọ sísọ́ọ̀sì í lò, àmọ́ mi ò tíì fi gé ọmọ rí. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí n gé hàn mí."

Màmá kò fi ẹnì kankan hàn án. Ohun tó sọ ni pé, "Bí a bá gbẹ̀yìn, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni kẹ́ ẹ padà sí."

"Mo gbà, Màmá," ni bàbá wí.

Wọ́n fi oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: Rùkàyyàt kúrò ní ìgò tó kún jù lọ, ó dé ìkejì, ó fi Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta gbáko jókòó síbẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ìkẹta. Ó ń rí bí àlá lójú rẹ̀ pé ohùn tí òun gbọ́ yẹn, òun lòun ni ín. Nígbà mìíràn, ó máa ń kọ ọ́ fún ewúrẹ́ ìyá àgbà rẹ̀, kó lè dá a lójú pé kì í ṣe abẹ́ máńgòrò nìkan ni ohùn náà wà.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú Ara kọ tiwọn, ó lọ sókè tíín bí ẹyẹ ìdájí, gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ Ìsùndùnrìn jáde nínú yunifọ́ọ̀mù ńláńlá, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá na ọwọ́. Orin bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó rọra ń bọ̀ bí ìkùukùu àárọ̀ ọyẹ́ tó ń dìde lórí odò, kò kánjú, kò pariwo. Ẹ̀rín dákẹ́. Arúgbó kan níwájú ṣí fìlà. Rùkàyyàt la ẹnu, ohùn rẹ̀ jáde, ó nípọn, ó gbóná, ó tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ ohùn àwọn yòókù, orin náà sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Màmá Ìbíyẹmí gbé fóònù sókè, ó ń gba orin náà sílẹ̀.

Orin parí. Kí ọwọ́ àwọn èèyàn tó pàdé láti pàtẹ́wọ́, ayọ̀ ti gbé bàbá lọ pátápátá.

"Àńkọ́ọ̀!"

Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́ dáadáa kò bèèrè ìdí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kan gbé aago sókè, bàbá ti di ojú rẹ̀, kò rí i. Wọ́n parí. "Àńkọ́ọ̀!" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lu agogo fún un, ó rò pé ara orin ni, ó fi orí gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni wọ́n kọ ọ́, títí àkókò tiwọn fi tán, tí ti ilé-ìwé tó kàn náà sì tán pẹ̀lú. Adájọ́ ní òun kò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Nínú ilé-ìwé méje, wọ́n gba ipò keje.

Ní ọjọ́ kejì, Nímọ́tà pè láti Àbíjàn. Ó kọ́kọ́ sunkún, ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà fi rò pé ẹnì kan ló kú.

"Rùkà, mo gbọ́ ẹ! Ìwọ lo wà nísàlẹ̀ yẹn. Ohùn mi lo mú! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ẹ, ta tiẹ̀ ni bàbá oníwàhálà tó ń pariwo Àńkọ́ọ̀ yẹn? Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o."

Rùkàyyàt dúró lójú àgbàlá tí fóònù wà létí rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìyá òun gbé e sílẹ̀ láéláé.

Màmá Ìbíyẹmí kò yẹ àdéhùn. Bàbá padà sídìí ẹ̀rọ, kò sì bínú. Àwọn ọmọ ló ń wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí tẹ́ẹ̀mù kan parí, Màmá ránṣẹ́ pè é pé kó máa bọ̀. Kò sọ ìdí, bàbá náà kò bèèrè.

Ọdún ń gorí ọdún. Rùkàyyàt pé ogún ọdún, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n sì ní kó padà wá kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́. Oṣù kejì tó dé ni àìsàn dá bàbá dúbúlẹ̀. Kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kú ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì sin ín kí wọ́n tó kí ìrun Jímọ́ọ̀.

Ibi fídáù ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo ìtàn wọ̀nyí ti tún jáde. Lèmọ́ọ̀mù Ádámù, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, sọ ti ìgò fúnra rẹ̀, ó ní mẹ́jọ kọ́, méjìlá ni. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n ń nu ojú, ẹnì kankan kò sì mọ èyí tó jẹ́ omi ẹ̀rín mọ́. Àárín ẹ̀rín yẹn ni Màmá Ìbíyẹmí, tó ti fẹ̀yìn tì, ti fi ọ̀pá rẹ̀ fọwọ́ kan Rùkàyyàt léjìká, ó ní kó sin òun dé ẹ̀yìn ilé.

"Rùkà, ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Rárá o, Mà."

"Irọ́ lò ń pa. Jẹ́ kí n rojọ́ fún ẹ." Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Nígbà témi náà kéré, ní Ara, olùkọ́ mi ní kí n máa mi ètè. Àádọ́ta ọdún ni mo fi mi ètè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n fún mi ni mo gbé fún ẹ, mi ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà. Tẹ́ẹ̀mù tí mo lé bàbá yẹn lọ, èmi náà lọ bá wọn. Mo ń gbé aṣọ lọ bí ẹni tó fẹ́ rán nǹkan. Búbá mẹ́jọ, Rùkà! Mi ò nílò ọ̀kankan níbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá ò sọ fún mi rí," ni Rùkàyyàt wí.

"Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa báyìí. Ìlà kejì ni mo máa ń dúró sí." Ojú Màmá ń dán bí ojú ọmọdé. "Ṣé kí n kọ orin tí wọ́n kọ́ mi kí o gbọ́?"

Kò dúró gba èsì. Ó gbé orin náà pẹ̀lú ohùn tó ti gbó, ó sì ṣìnà ní ìlà kejì. Rùkàyyàt gbọ́ àṣìṣe náà kedere, olùkọ́ ni òun náà báyìí. Nínú ilé, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín sí nǹkan kan, àárò bàbá náà sì sọ ọ́ nínú lójijì, ó dùn ún wọnú egungun. Ó jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kó kọ ọ́ parí.